Iwájú Ilé Olóyè Ni Màá Sá Iyẹ̀pẹ̀ Náà Sí

Àǹtí wa, olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kà ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Táǹkì ilé epo olóyè kan jò wọ oko iṣu ìyá mi àgbà. Nígbà tí wọ́n lọ bá a, ó ní, "Màmá, epo ọ̀fẹ́ lẹ rí yẹn, ẹ máa dúpẹ́."

Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ní ká wa iyẹ̀pẹ̀ náà, ká sá a sóòrùn jìnnà sílé, kí bẹntiróòlù inú rẹ̀ lè bá atẹ́gùn lọ.

Mo ti bá onítípà sọ̀rọ̀. Iwájú ilé olóyè là ń lọ. Ìyá ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, mo kọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ má bá mi sọ ti ìdáríjì. Ẹ ṣáà bá mi yàn án: ṣé abẹ́ fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ni kí n dà á sí, àbí ti yàrá tó ń sùn?