Fọ́ọ̀mù Tí A Fi Ìyìn Kún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ilé ìwé, mo kí ọ kú àìsinmi. Kí Ọlọ́run tó bá mi tọ́ ọ má fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí o wà. Ara wa le, àárò rẹ kàn ń sọ wá ni. Kí n tó lọ síwájú, jẹ́ kí n kí ìyá tó wà nínú fóònù rẹ, tó ń ka lẹ́tà fún ọ. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà, ẹ kú ẹnu. Ọmọ mi ní bí òun bá jí yín nídàájí, ẹ óò kàwé fún òun láìbínú. Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Mo kọ lẹ́tà yìí gàdàgbà kó má baà dùn yín lójú, mo sì ti sọ fún ọmọ mi pé kó máa bu omi fún yín, torí ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn.

Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Atẹ́gùn ṣí páànù orí ibi tí bàbá rẹ ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó ti kàn án padà. Àǹtí rẹ tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kí ọ, ó ní láti ìgbà tí o ti lọ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ pa aṣọ kó sọ fún òun bóyá òwú gidi ni tàbí ayédèrú, àwọn olójú méjì ló kù tí wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni fọ́ọ̀mù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ránṣẹ́ sí wa. Ó ku díẹ̀ kí èmi àti bàbá rẹ fi ọwọ́ ara wa gba ìrànlọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́.

Fọ́ọ̀mù náà ní kí ẹni tó tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ gbogbo ohun tí kò lè ṣe. Bàbá rẹ ṣí fìlà. Ó ní irú ìbéèrè wo nìyí, ó ní nígbà tí òun ń wá mi í fẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa sọ fún òun pé mo máa ń hanrun? Èmi náà ní òótọ́ ni, ẹni tó bá ń wá ibi tí aṣọ ti ya, ó fẹ́ dá a padà ni. La bá jókòó ti tábìlì ìránṣọ mi, a mú bírò tó dára jù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí kò lè ṣe, a kọ ọ́ pé kò sí, ó ń fọṣọ, ó ń fi ahọ́n ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ìró ẹsẹ̀, kò sì jalè rí. Wọ́n ní báwo ni ojú rẹ̀, mo ní ojú rẹ̀ dára púpọ̀, ó jọ ti ìyá mi. Wọ́n ní ṣé yóò nílò àfikún àkókò nígbà ìdánwò, bàbá rẹ kọ ọ́ pé ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọmọ wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí a fi í ránṣẹ́ tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni obìnrin tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ níbẹ̀ pè wá. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé a tọ́ ọmọ dáadáa, ó wá ní pẹ̀lú ohun tí a kọ yìí, òun ò ní ohunkóhun tí òun lè fún ọ: kò ní sí ìwé tó ń sọ̀rọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò máa bá ọ kọ ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó, kò ní sí àfikún àkókò. Ó ní bí àtúnṣe kò bá dé ọwọ́ òun títí ọjọ́ Ẹtì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ṣé wọn ò ní dá ọ padà sílé bí wọ́n bá mọ̀.

Ó ní, “Màmá, ọmọ yín ti sọ fún wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wọlé síbí, ó ní, ẹ káàárọ̀, afọ́jú ni mí, kí lẹ ní fún mi?”

Mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú ilé mi rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń bò ó. Àlejò á dé, màá ní orí ń fọ́ ọ, màá ní kí o wà ní yàrá. Mo máa ń bẹ àwọn olùkọ́ rẹ kí wọ́n má pè ọ́ dìde kàwé. Mo rò pé ààbò ni mo ń ṣe fún ọ. Ìwọ wá dé ìlú onílùú, o ṣí i fúnra rẹ lójú gbogbo ayé, o tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní. Ọmọ mi, o láyà. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́kọ́ yẹ ojú rẹ wò, ó tú fáìlì títí ó fi rí tìrẹ, dókítà sì fọwọ́ sí ìwé fún wa. Láti ibẹ̀ a gba ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tẹ̀wé lọ, torí orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni obìnrin yẹn fi fọ́ọ̀mù mìíràn ránṣẹ́ sí. Bàbá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ pé: “Ọmọ wa kò ríran láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Òótọ́ ló sọ fún yín, àwa la parọ́. Ẹ fún un ní gbogbo ohun tó bá béèrè.”

Ẹni tó ń tẹ̀wé ti ìwé náà bọ ẹ̀rọ tó fi ń fi ìwé ránṣẹ́ lẹ́nu, ìwé náà tún gba òdìkejì jáde. Mo ní kò tíì lọ o. Ó ní ó ti dé. Mo ní báwo ló ṣe dé ọ̀hún nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ, mo ní kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un ṣe kí obìnrin yẹn tó pè pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, ó ní bí àwọn yòókù bá ń lo wákàtí kan fún ìdánwò, ìwọ yóò lo wákàtí kan ààbọ̀. Bàbá rẹ ń ronú ibi tí wọ́n ti ń rí ààbọ̀ yẹn mú wá. Ó ní bó bá ṣẹ́ kù, kí o dá a padà fún wọn kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí à ń bọ̀ wá sílé, bàbá rẹ dúró lójú ọ̀nà, ó ní ó ti tó ọdún méjì tí òun kò ti rí àmì ara rúlà mọ́, àtàǹpàkò lòun fi ń wọn pákó. Èmi tí mò ń sùn tì í kò mọ̀. Ó ní bí ọmọ òun bá lè sọ tirẹ̀, òun náà lè sọ ọ́. Nítorí náà, nínú owó iṣẹ́ tí o ń ṣe nídìí fóònù lẹ́yìn ìkàwé, jọ̀wọ́ fi ìwọ̀nba tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́, ká fi ra awò ojú fún un. Tí kò bá sí, má yá owó, ọmọ mi, a ó máa fi àtàǹpàkò ṣe é lọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣáájú rẹ. Ibi tí o bá ti ṣí ẹnu sọ bí o ṣe jẹ́, kí wọ́n gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. O ò ní kọsẹ̀, ìwé tí o bá kà kò ní já sófo. Láàárọ̀ òní, obìnrin kan tó wá gba aṣọ bi mí pé ọmọ mi ńkọ́. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo wojú rẹ̀, mo ní afọ́jú ni, ó ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.