Pátákó Tó Parí Ìjà Èmi àti Oníbúrẹ́dì

Afínjú ọmọ ọmọ mi,

Ìyá àgbà rẹ ló ń kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ẹni tó bá ń fojú burúkú wò ọ́ níbẹ̀, kí ojú rẹ̀ máa ṣe bàìbàì bíi tèmi. Ara tèmi le, eyín mẹ́ta tó kù lókè kò tíì mì.

Wàá ti máa rò pé mo ti kú, torí oṣù mẹ́rin rèé tí o ò rí lẹ́tà mi. N ò kú o. Èmi àti Oníbúrẹ́dì la ò bára wa sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà láti ọjọ́ tó o ti kúrò nílé. Òun náà ló ń kọ eléyìí. Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ ìjà wa síbẹ̀, mo ní kó kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo yá, n ò yá ẹnu rẹ̀.

Káfíńtà ló ka lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn fún mi. Ó ń kà á bí ẹni ń fi ayùn gé igi tútù, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. O ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ jọ ń ṣe yẹn, ẹni tó bá wù ú lè mú tirẹ̀ wá láti ibikíbi, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni. Àṣé bíi ti àpò ìwé tí àwa obìnrin ń rán lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Ọjọ́bọ̀ ni. O ní ìwọ ni wọ́n ní kó máa yẹ iṣẹ́ wò, o wá sọ fún ọkùnrin kan tó ò rí rí pé kó yọ àlàfo kan kúrò láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ló bá bú ọ. Àlàfo! Ibi tí kò sí nǹkan kan lẹ fi ń jà. Àwọn tó kù ní kí ẹ fi ẹ̀rọ kan sẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wò kí ènìyàn tó rí i, tó bá dára á tan iná aláwọ̀ ewé, tí kò bá dára á tan iná pupa. O ní ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn, pé bí wọ́n bá gbé e wá, o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ náà máa ń jókòó ni, àbí ó ń dúró? Bó bá ń dúró láti àárọ̀, ẹ fún un ní àga. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro kì í rí dáadáa nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi lo jọ. Èmi náà ni mo ń yẹ àpò wò ní yàrá ìránṣọ wa, ojú mi ni téèpù. Èèkàn tí wọ́n ń fi àpò kọ́ ní kíláàsì kò ga, bí okùn bá gùn jù, àpò á máa gbá ilẹ̀, ìwé á tutù. Bó bá kúrú, kò ní gba èjìká ọmọ. Mo máa ń ní tún un ṣe, tún un ṣe, títí wọ́n fi sọ mí ní Ìyá Tún-un-ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá àpò kan ṣoṣo padà fún Oníbúrẹ́dì, mo ní okùn rẹ̀ gùn jù. Ó ní òun fi àpò àpẹẹrẹ tí iléèwé fún wa wọ̀n ọ́n. Mo ní ojú mi kì í purọ́. Ó ju àpò sábẹ́ tábìlì, ó ní àpò kọ́ ni mò ń wò, ojú òun ni mò ń wò. Mo ní bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ni mò ń wò ni, ǹ bá ti ní kó tún òun náà ṣe. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde, kò wá mọ́. Ogójì ọdún la fi ń ṣọ̀rẹ́ o! Bí mo bá lọ ra búrẹ́dì, á nà án sí mi láìwojú mi, bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Búrẹ́dì náà kò dùn lẹ́nu mi mọ́, ṣùgbọ́n n ò bẹ̀ ẹ́, torí mo dá ara mi lójú.

Kí Káfíńtà tó ka lẹ́tà rẹ tán, ó ti ń fọwọ́ wọn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun lè kan irú ẹ̀rọ yẹn. Lọ́jọ́bọ̀ ó gbé pátákó wá, èèkàn kan lókè, igi pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀. Wàá fi okùn àpò kọ́ èèkàn, bí ìdí àpò bá kan igi ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, ó yege. Bí kò bá kàn án, tàbí tó wó lé e, ìwọ fúnra rẹ ti rí i, o ò ní dúró de ẹnu mi. Tiwa kò ní iná o, ti ìlú ńlá ló ní iná.

Mo ní kí n fi àpò tí èmi fúnra mi rán ṣí i, kí wọ́n lè rí bí àpò gidi ṣe ń rí. Mo kọ́ ọ. Ó ku ìka méjì kó kan igi. Mo ní Káfíńtà kò mọ iṣẹ́. Ó mú àpò àpẹẹrẹ, ó kọ́ ọ, ó kan igi gẹ́lẹ́. Mo kọ́ òmíràn lára tèmi, ó tún kù. Ni mo bá fa àpò tí Oníbúrẹ́dì jù sílẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì, mo kọ́ ọ. Afínjú, ó kan igi bí ọwọ́ ìyá ṣe ń kan orí ọmọ.

Mo mú un, mo gba ilé búrẹ́dì lọ, n ò yà síbìkan. Mo ní ojú mi ló jẹ̀bi, kì í ṣe àpò rẹ. Ó ń po fúláwà, kò gbórí sókè. Ó ní ṣé igi ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí èmi? Mo ní igi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi ń tún un sọ. Ó ní òun ti sọ ọ́ láti oṣù mẹ́rin, òun ò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ di igi kí n tó gbọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, fúláwà fò sí mi lójú, ó ní kí n má bínú, pé kò kúkú sí ohun tí ojú náà ń rí tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n má tíì gbé pátákó gẹṣin. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alágbàfọ̀, ọ̀kan nínú àwa aránṣọ, mú àpò ọmọ rẹ̀ wá, okùn rẹ̀ gùn, ó wó lé igi. Gbogbo wọn ní pátákó ti sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ti ń ká àpò rẹ̀ padà kí n tó rántí pé ọ̀pá méjì lọmọ rẹ̀ fi ń rìn, àpò ní láti gba àyà rẹ̀ kọjá kí ọwọ́ méjèèjì lè di ọ̀pá mú. Pátákó kò bímọ rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Mo ní ó yege, kí Káfíńtà lọ kan èèkàn tó ga fún ọmọ náà ní kíláàsì. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn, torí wọ́n ti rí i pé pátákó dá tèmi náà padà.

Nítorí náà, jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Fi ọ̀rọ̀ àlàfo sílẹ̀ fún un, ènìyàn kì í bá igi bínú. Tìrẹ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n má kúrò lẹ́nu ọ̀nà, torí lọ́jọ́ tó bá tan iná pupa fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí, ìwọ lo máa béèrè pé kí ló dé.

Fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi. Má fi sínú fóònù o. Èyí tó o ní o fi síbẹ̀ nígbà yẹn, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí o fi òwú dúdú kún un.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní kúrú, kò sì ní gbá ilẹ̀. Ẹni tó bú ọ lórí àlàfo yóò bá ọ rẹ́rìn-ín kí ọdún tó yí. Àmín.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì ní ìwé ti kún, kò sí àyè mọ́. N ò ríran tó láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo gbà á gbọ́.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ,
Ìyá Tún-un-ṣe