Bí Dádì Ṣe Bá Bándélé Ṣe Iṣẹ́ Àṣetiléwá

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ọlọ́runṣògo,
Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Latifah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé Mujeeb ti ń rìn? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ Dádì ló jẹ́ kí n tètè mú gègé.

O mọ̀ pé ara Bándélé àbúrò mi ti ń yá. Oògùn ti lé àwọn ohùn tó ń gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n bó bá ka ojú ìwé kan tán, á ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ìkàwé tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ágbowó ṣì di àyè rẹ̀ mú, àfi kó gba lẹ́tà wá láti ilé ìwòsàn pé ó ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ni wọ́n bá fún un ní ìdánrawò ọpọlọ lórí fóònù. Láràárọ̀, fóònù á dárúkọ ohun mẹ́wàá tí èèyàn fẹ́ rà lọ́jà, òun á sì kà wọ́n padà láti ẹ̀yìn.

Dádì kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé eré jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé fóònù ń fúnni ní máàkì, tí Bándélé sì gba mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, ojú tì wọ́n. Rántí pé ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wo ìwé ẹnìkejì nínú ìdánwò, ilé ni wọ́n ń lé e lọ. Àwọn náà ló wá ń mú fóònù lọ sí yàrá kí Bándélé tó jí, wọ́n ń bá a ṣe é láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí Bándélé bá ní iṣẹ́ òní ti tán kí òun tó fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní ó ti ṣe é, ó kàn gbàgbé ni. Ọmọ ọlọ́mọ á sì gbà, ṣebí ìgbàgbé náà ni ìdánrawò yìí wà fún.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Sàláwù wo àkọsílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ méjì ni máàkì ti já wálẹ̀ sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rù ń ba òun pé àìsàn náà fẹ́ padà, lẹ́tà ò lè jáde, kí dókítà tún oògùn yẹ̀ wò. Bándélé dorí kodò. Ó ní lóòótọ́, òun ò tiẹ̀ rántí pé òun ṣe é. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Dádì ń wo àjà.

Wọ́n wá wúkọ́. “Èmi ni mo ṣe é. Ọmọ yìí ò gbàgbé nǹkan kan.”

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bándélé tún ọ̀sẹ̀ méjèèjì ṣe kí lẹ́tà tó jáde, ó sì fi ìdánrawò sórí fóònù Dádì náà. Láàárọ̀ yìí, àwọn méjèèjì jókòó ní pálọ̀, Dádì ń na ọrùn. Bándélé fi ọwọ́ bo fóònù rẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wo tèmi.”

Bá mi kí Màmá àti baálé rẹ. Bándélé ní kí n bá òun fẹnu ko Mujeeb lẹ́nu. Láti ọjọ́ ìkómọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà sí i létí o, òun ló rántí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Oyèbọ́lá.