Má Ṣí Fírísà Títí Màá Fi Dé

Ìkúnayọ̀,

Má ṣí fírísà o. Ẹja tí mo rà ní Ubeji ló kún inú ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sì sí nílé.

Festus wá láàárọ̀ yìí, ẹni tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ò ń tẹ̀ lé kiri. Omijé lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Mama, our gen don knock." Aago mẹ́rin ọ̀sán òní ni wọ́n sì máa ṣeré ní Enerhen. Mo ní kó gbé tèmi. Ó fa okùn ẹ̀ títí, kò tan. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tan. Ló bá ní àfi kí n bá àwọn lọ.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo ń pe orin yẹn ní ariwo. Àwo tuntun wọn tó o fi sórí fóònù mi, òun ni mò ń gbọ́ tí mo bá ń yan ẹja. Orin karùn-ún dùn, ṣùgbọ́n onílù wọn ń sáré jù. Màá sọ fún un.

Púpùrú tí wàá jẹ wà nínú kúlà. Má wá ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, ọrùn mi ló wà. Festus ní èmi ò ní sanwó ìwọlé, torí mo ti di ara wọn. Ìwọ, ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Màmá ẹ