Ẹ Bá Mi Gba Tiwaladé

Àǹtí Folúkẹ́ mi,

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti àwọn ọmọ ní Berlin. Nígbà tí mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé sílé wa ní Veddel, ní Hamburg níbí, láàárọ̀ yìí, Tiwaladé ọmọ mi nìkan ni mo bá nílé. Ó ti wọ kóòtù àti bàtà, ó jókòó ti ilẹ̀kùn. Aládùúgbò tó máa ń bá mi tọ́jú rẹ̀ lálẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́.

Ó ní, "Mọ́mì, mo lè dá wà." Ọmọ ọdún mẹ́rin!

Àǹtí mi, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọdé láti ìlú dé ìlú. Bí mi ò bá lọ, ẹ̀kọ́ náà parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á títí màá fi ṣe tán. Tó bá sunkún, ẹ pọ̀n ọ́n.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti lù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Tiwaladé ti sùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n bọ́ bàtà rẹ̀.

Àbúrò yín,
Dúnní