Bí Mo Ṣe Pọ̀n Ọ́ Lọ Síwájú Pẹpẹ

Ọmọ mi àtàtà, ìyá ọmọ tuntun,

Kú ewu ọmọ o, kú ọwọ́lómi. Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi orúnkún mi tó ń ro mí, ijó ló sì fà á, n ò kábàámọ̀.

A ti ṣe ìdúpẹ́ wa! O rántí pé nígbà tí o wà lórí ìkúnlẹ̀, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìwọ àti ọmọ ni màá kó lọ síwájú pẹpẹ. Dókítà yín wá ní o ò tíì gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Mo ní kò burú, fóònù á gbé yín wá. Bàbá rẹ ló mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí ojú rẹ fi ń yọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí kó tó bá mi lọ, torí láti ìgbà tí oyún ìṣáájú ti bàjẹ́ lára rẹ ló ti ní òun àti Ọlọ́run ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé, ó ní òun kì í wọ ilé ẹni tí àwọn jọ ń jà.

Ó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ yọ, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n pè wá síwájú, mo rò ó pé ta ní í gbé ọmọ dání jó? Mo bá pọ̀n ọ́, mo fi ọ̀já gbà ọ́ dáadáa kí o má baà já bọ́. Mò ń gbọ́ tí ò ń pariwo lẹ́yìn mi, mo rò pé ayọ̀ ni, àṣé ò ń sọ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Kí lọmọ ẹ̀yìn fẹ́ rí tẹ́lẹ̀, ṣebí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ náà ni? Nígbà tí pásítọ̀ da òróró sọ́wọ́, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ní kó fi kàn ọ́ níwájú orí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi kàn ọ́. Mo ní kó fi kún un, torí ọ̀nà jìn. Bó bá kán sí ọ lójú, má bínú.

Ibi tí gbogbo ìjọ ti dákẹ́ fún àdúrà ni ọmọ rẹ ti figbe ta. Áà! Ẹkún náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kan. La bá gbọ́ tẹ́nì kan kígbe Halelúyà níta. Bàbá rẹ ni! Kò tilẹ̀ yí gba ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé náà ló gbà wọlé, bàtà rẹ̀ sì fà ya. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ń jó, ó ń sunkún, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé ìjà ti parí. Inú mi dùn débi pé n ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ọmọ yìí á dàgbà, á dògbó, á pọ̀n ọmọ tirẹ̀ lójú rẹ, lójú wa. Ẹkún ayọ̀ nìkan la ó máa gbọ́ nílé rẹ, àmín. Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, kò ní òmíràn. Má fi gba inú fóònù o, òróró ṣì wà lára rẹ̀, kówó má lọ yọ̀ bọ́ lọ́nà. Awakọ̀ tó ń ná ibí ni kí o fún. Kó sì yá, torí bàbá rẹ ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà lòun sì fẹ́ gbà wọlé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ti di ìyá àgbà.