Okùn Pupa Èjìká Àwọn Ọmọ Ogun Bàbá Rẹ

                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti jẹ́ kí o máa gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ báyìí? Ara àwa náà le. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, kí n sì fi kún un pé àwọn ọmọ ogun rẹ ti gba tábìlì oúnjẹ lọ́wọ́ òun láti oṣù mẹ́ta, orí itan ni a ti ń jẹun. Màmá rẹ wà dáadáa. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo fẹ́ fi ìwé yìí sọ, nítorí o rán mi níṣẹ́, ó sì yẹ kí n jíṣẹ́ fún ọ.

O ní kí n jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí Bàbá ti jà, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú wọn tó lọ tán. Dókítà ojú ti sọ pé ti òsì ti parí, ti ọ̀tún ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń fi ère kéékèèké ṣeré ogun lórí tábìlì, kì í sì í rí gbọ̀ngàn tó gba tábìlì ńlá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Nítorí náà ni mo ṣe mú ogun afárá, èyí tí Bàbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jà. Ère òjé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo kùn, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Fọ́tò tí Bàbá yà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níwájú bárékè ni mo ń wò: bọ́tìnì mélòó, àpò mélòó, ibi tí okùn èjìká ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Okùn náà dúdú nínú fọ́tò. Mo kùn ún ní dúdú.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a jà, mo gbé mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ Màmá kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n á lè rí wọn. Wọ́n gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú ọ̀tún lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ní, "Dúdú lo fi kun okùn èjìká wọn? Ta ló kú?"

Mo ní bí fọ́tò ṣe fi hàn nìyẹn.

"Ṣé fọ́tò ló ń fọ aṣọ ni, àbí èmi? Okùn yẹn ló ba bùláòsì funfun kan ṣoṣo tí mo ní jẹ́. Mo kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ọkọ mi nínú báàfù, ìgbà tí mo máa yọ ọ́, ó ti pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jà. Ó lóun ò bẹ̀ mí kí n fọ̀ ọ́."

Ojú tì mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú fọ́tò àtijọ́ ní ilé àkójọ ìwé, ẹnu mi yìí ni mo sì fi kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ mi pé fíìmù ayé ìgbà yẹn a máa sọ pupa di dúdú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì kùn ún ní dúdú.

Dókítà Eyín, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó máa darí àwọn ọ̀tá, ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ibi tí èèyàn ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, okùn náà ò ju irun orí lọ. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo èjìká? Mo ní Màmá máa bẹ̀rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ lórí fóònù. "Ká ní eyín ni àgídí rẹ ni, ǹ bá ti yọ ọ́ tipẹ́."

Iṣẹ́ náà kò gba ìkánjú. Pupa kì í gorí dúdú kó yọ dáadáa. Èèyàn á kọ́kọ́ fi àwọ̀ eérú bo dúdú, yóò gbẹ. Á fi pupa rẹ́súrẹ́sú lé e, yóò gbẹ. Ìgbà náà ni yóò tó fi pupa gidi fà á, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Mo lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdérí ìgò kí ìka mi má bàa kan ọ̀dà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ní. Ní ọjọ́ méje nínú rẹ̀, mo parí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé. Ní ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ ṣú, mẹ́jọ ni mo ṣe, mo sì pa búrọ́ọ̀ṣì tì kí n má bàa ba èyí tó ti dára jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, mọ́kànléláàádọ́rin ló ti wọ okùn pupa. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Dókítà Eyín ní kí n to àwọn yẹn sẹ́yìn, níbi tí ojú ò tó. Mo kọ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nílé, mo sì fi ìwọ̀nba tí mo ní jà. O ṣáà mọ̀ ọ́n: à ń fi rúlà wọn ìrìn wọn, à ń fi dáìsì mọ ẹni tí ìbọn bà, ẹni tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ á sì jìyà.

Ìyípo kẹta ni Màmá bá wa. A gbé àga fún wọn sí ìdí afárá. Wọn ò bèèrè ẹni tó ń borí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn ère náà, wọ́n ń wo ìlà kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì pẹ́ débi pé gbogbo wa gbé dáìsì sílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Pupa rẹ̀ nìyẹn."

Wọn ò wo ẹni tó gbé àsíá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn òkúta, tó ń so okùn bàtà, ni wọ́n mú. "Èyí ni. Kì í so okùn bàtà kó dúró, ojú ọ̀nà ni mo máa ń dúró dè é sí." Wọ́n fi aṣọ ìnujú wé e, wọ́n sì sọ ọ́ sínú báàgì.

Dókítà Eyín ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, a ò tíì yìnbọn pa ìyẹn o."

Wọ́n pa báàgì dé. "Ẹ ò sì ní pa á mọ́."

Ní ìyípo kẹfà, apá òsì wa tó ti fẹ́lẹ́ já, àwọn ọ̀tá sì gba afárá. Mo bọ Dókítà lọ́wọ́. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì kí ọ̀gá rẹ tó máa ń bá ọ mú lẹ́tà mi wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Láàárọ̀ àná mo parí mẹ́sàn-án sí i. Ó ku mẹ́rìndínlógún, mi ò sì ní sinmi títí màá fi kùn wọ́n tán. Ẹni tó ń ta ère ní òun ṣì ní irú èyí tó ń so okùn bàtà, kí n wá mú òmíràn dípò. Mo ní kó má ṣe yọnu. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọn yóò máa jẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Nígbàkígbà tí a bá tún tò wọ́n sí ìdí afárá, ẹ̀yìn òkúta yẹn yóò máa ṣófo.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́,
                                        Àwòtúnwò.